Ẹ̀rí Tí Kò Tíì Parí

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá nígbà tí fóònù mi dún. Iná ti lọ ní Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti ìrọ̀lẹ́, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ SS2, oorun sì ti ń gbé mi. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní girama ló pè, ó ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì báyìí. Ó ní, "Antí, ẹ má bínú pé mo pè yín lóru." Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mi ò kán an lójú. Nígbà tó yá, ó ní òun kì í sùn mọ́. Oúnjẹ ò wọlé. Bí òun bá ṣí ìwé, ojú á máa wo ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò ní wọ orí. Ó ti sọ fún àwọn aṣáájú fẹ́lóṣípù rẹ̀, wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà á, nǹkan ò yí padà. Wọ́n ní kó tún un gbà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń gbà lọ́wọ́ lálẹ́ tó pè mí. Ó wá sọ ohun kan tí kò tíì kúrò létí mi: "Antí, mo ti gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Ó dà bíi pé Ọlọ́run ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́."

Mo bi í pé kí ló jẹ lónìí. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Mo ní, "Mo gbọ́. Lánàá ńkọ́?"

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Èmi fúnra mi ò bá má mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tójú mi rí lọ́dún 2013.

Ọdún kẹta ni mo wà nígbà náà, ní yunifásítì kan tó jìnnà sílé. Oṣù kìíní ni bàbá mi kú, a sì sin ín sí Ẹ̀gbẹ̀, ìlú wa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni mo padà sí ọgbà nítorí ìdánwò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ará fẹ́lóṣípù mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn ni wọ́n dá owó ọkọ̀ tí mo fi lọ sin bàbá mi. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, àwọn sístà mẹ́rin gbé ìrẹsì wá sí yàrá mi, wọ́n bá mi fọ aṣọ tó wà nínú báàgì, ọ̀kan nínú wọn sì sùn tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àpótí wọ ọgbà yẹn, n kò mọ ẹnì kankan. Ta ló fi ibi tí wọ́n ti ń pọn omi hàn mí? Fẹ́lóṣípù ni. Ta ló mọ̀ nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní ọdún kìíní? Wọ́n wo ìjókòó mi lọ́jọ́ Sunday, wọn ò rí mi, wọ́n wá kanlẹ̀kùn. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀sìn ò wúlò fún ìlera ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́, èmi ò lè bá a gbà, nítorí mo ti wà nínú yàrá tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni nǹkan ti yà bàrá. Àsìkò ẹ̀rí dé, brọ̀dá tó ń darí ìsìn sì pe orúkọ mi. Ó ní sístà wa kan wà níbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí ó sì ti borí, ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo dìde. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n borí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, àwọn kan jó. Mo padà sí yàrá, mo dùbúlẹ̀, n kò sì dìde dáadáa títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àsìkò ẹ̀rí yìí títí. Ẹni tó ṣàìsàn tó sì ti sàn, á jẹ́rìí. Ẹni tó fìdí rẹmi tó sì ti yege, á jẹ́rìí. Ẹni tó ti gòkè odò ni a ń pè jáde. Ẹni tí omi ṣì mù dé ọrùn kò ní ìgbà tirẹ̀ nínú ìsìn náà, àfi kó díbọ́n pé òun ti gòkè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ní fẹ́lóṣípù. Mo tún mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa débi pé wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń kí àlejò káàbọ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ẹ̀rín náà ò ṣeé rín mọ́. Mo pa kíláàsì jẹ, n kò wẹ̀, irun orí mi dì. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ló wọlé sí mi lára, ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fi pamọ́? Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó dá mi lójú pé ó fẹ́ràn mi. Mo padà sí yàrá, mo sì tú ayé mi wò bí ẹni ń tú ẹrù ìrìn àjò, mo ń wá ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀ kò ní ṣàìrí. Mo rántí pé mo parọ́ fún bàbá mi lórí owó ìwé nígbà kan. Mo pinnu pé òun náà nìyẹn. Bàbá mi kú, ọ̀ràn kan nìyẹn. Ọlọ́run ń bínú sí mi, ó di méjì. Mo lè ru àkọ́kọ́. Èkejì ni kò jẹ́ kí n lè dìde.

Mùsùlùmí ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá nígbà náà, ọmọ Òkéné. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó kírun àsùbáà tán, ó ká ẹní rẹ̀, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní súrà kan wà nínú Kùránì, ìkẹrìnléláàádọ́rùn-ún, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé pẹ̀lú ìnira ni ìrọ̀rùn wà. Ó ní àwọn èèyàn máa ń sọ pé "lẹ́yìn" ìnira, ṣùgbọ́n "pẹ̀lú" ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run sì sọ ọ́ tẹ̀ léra. Ó wá ní, "Nítorí náà, mi ò ní dúró dìgbà tí o bá sunkún tán kí n tó jókòó tì ọ́." Ó fún mi ní kókó àti àkàrà tó rà lẹ́nu géètì. Mo jẹ àkàrà kan àbọ̀. Mo ṣì mọ bó ṣe rí lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì, kò sì parí títí di oṣù Kejìlá. Inú gbogbo ayé ń bàjẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì yẹn. Èmi wọ ọkọ̀, mo gba Lọ́kọ́ja, Kàbà, Ayétòrò, Mọ̀pà, Ìsánlú, Odò-Ẹ̀rẹ̀, mo délé. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló wà nílé.

Bó ṣe rí mi ló ní, "Okun o." A kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wa ní ìhà tiwa. Okun ni a fi ń kí ẹni tó ti oko dé, òun la fi ń kí ẹni tó bímọ, òun náà la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kí ẹ̀yin náà wò ó bí mo ṣe wò ó lọ́jọ́ yẹn: ìkíni tí kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ó ti dára tàbí kò tíì dára.

Ọmọ ìjọ tí a wá mọ̀ sí ECWA ni màmá àgbà láti kékeré, ó sì máa ń gbàdúrà sókè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Òwúrọ̀ kejì tí mo délé, mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Olúwa, òun ló yẹ kó sin mí. Ìwọ náà mọ̀. Ó dùn mí, inú mi ò sì yọ́ sí Ọ láàárọ̀ yìí." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ orin, ó pe orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde lọ dáná.

N kò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí lọ́gbà wa. Àgbà obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò díbọ́n níwájú Rẹ̀ rárá, kò sì rò pé Ọlọ́run máa torí ìyẹn kọ òun. Mo dìde lórí ibùsùn, mo lọ bá a lẹ́yìn ààrò, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ẹ̀ṣẹ̀ tí mo wá rí. Ó wò mí pé, "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní ṣé mo ti gbàgbé Èlíjà ni.

Mo rò pé mo mọ ìtàn Èlíjà. Iná tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì ni wọ́n máa ń wàásù rẹ̀ fún wa. Ibi tó tẹ̀ lé e nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kọkàndínlógún, ni màmá àgbà ń wí. Wòlíì náà sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ó sì sùn. Màmá àgbà ní, "Ṣé Ọlọ́run bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo dá? Ṣé ó ní kó gbààwẹ̀? Áńgẹ́lì jí i, ó ní dìde, kí o jẹun." Àkàrà ni Bíbélì Yorùbá pe oúnjẹ náà, àkàrà àti omi. Èlíjà jẹ, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún ní kó jẹ, nítorí ọ̀nà náà jìn fún un. Ẹ̀yìn oorun méjì àti oúnjẹ méjì ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀. Mo rántí ọmọ Òkéné yẹn àti àkàrà ẹnu géètì. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, lẹ́yìn ààrò.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló mú mi lọ bá dókítà. Dókítà náà jókòó tì mí fún bíi wákàtí kan, ó ní ìsoríkọ́ ni, pé ó ti kọjá ọ̀fọ̀ lásán. Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa padà wá ká jọ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a délé, màmá àgbà gba páálí oògùn náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó gbàdúrà sí i bí ẹni ń gbàdúrà sí oúnjẹ, ó ní kí n gbé e mì. Títí ìyanṣẹ́lódì fi parí la jọ ń lọ sóko láàárọ̀. Mo ń ro ebè, mo ń lo oògùn, mo ń sunkún nígbà tó bá wù mí. Ìgbà tí iṣu tuntun jáde ni mo kọ́kọ́ kíyè sí i pé ebi ń pa mí.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo ka iṣẹ́ Kenneth Pargament, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tó ti pẹ́ tó ń wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ìgbàgbọ́ kojú ìṣòro. Lọ́dún 2001, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí 596 aláìsàn tó ti pé ọdún 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn tó ń rò pé Ọlọ́run ti kọ àwọn sílẹ̀, tàbí pé kò fẹ́ràn àwọn mọ́, tàbí pé èṣù ló fa àìsàn àwọn, ikú tètè pa nínú wọn ju àwọn yòókù lọ. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì ní fi tọ̀hún díwọ̀n tibí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, mo rí ara mi ní oṣù kẹrin ọdún 2013, lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń wá ẹ̀ṣẹ̀. Pargament ò sọ pé ìgbàgbọ́ ń pa èèyàn. Ó ní oríṣi méjì ló wà: èyí tí èèyàn fi ń rọ̀ mọ́ Ọlọ́run àti ará, àti èyí tó ń sọ fún èèyàn pé Ọlọ́run ń jẹ ẹ́ níyà. Fẹ́lóṣípù kan náà ló fún mi ní méjèèjì.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà lókè òkun tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ wa kúkú fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ó hàn pé ó ti pẹ́ tí wọ́n délé. Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ìlú wo ni ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní rí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí? Dókítà ọpọlọ mélòó lẹ máa rí lójú ọ̀nà yẹn? Pásítọ̀ àti ààfáà ni ọmọ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, a fẹ́ a kọ̀. Tí o bá sì pe ọpọlọ níwájú àwọn òbí rẹ̀, wèrè ni wọ́n máa gbọ́. Wọ́n á ní kò sí wèrè nínú ìran tiwa, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé inú ilé Ọlọ́run gan-an ni àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kò sì yẹ kó ṣòro fún wa. Ọdún 1908 ni Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tó di 1952, ìjọ tó ti ibẹ̀ dàgbà ní ọsibítù, òun náà ni gbogbo wa mọ̀ sí ọsibítù ECWA. Màmá àgbà ti ń jẹ ọmọge kí wọ́n tó kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, kò sí pásítọ̀ ní Yàgbà tó máa sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ pé kó lọ gbààwẹ̀ kí egungun lè so. Á gbàdúrà, á sì ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bó bá ti di ọ̀rọ̀ ọkàn, a máa ń gbàgbé pé ọsibítù wà? Àwọn Mùsùlùmí náà mọ hádíìsì tí Ànábì ti sọ fún ọkùnrin kan pé kó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ kò tilẹ̀ lé onígbàgbọ́ jìnnà. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta. Kò ti aláìsàn mọ́lé: ó ní kí wọ́n máa gbé nílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, kí ìbátan kan sì bá wọn wá, ó sì mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa bá àwọn ilé àdúrà àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le. Ara àwọn aláìsàn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí kò sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ. Òfin náà ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, ó rọ́pò ti 1958 tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ pàápàá ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ náà ní òun ò rántí ohun tí òun jẹ lánàá. Mo ní kó dìde, kó wo ohun tó wà ní yàrá. Gààrí wà, ẹ̀pà díẹ̀ wà. Ó ní, "Antí, ààwẹ̀ ńkọ́?" Mo sọ fún un pé ara rẹ̀ ti gbààwẹ̀ tó, Ọlọ́run ò ní bínú sí i. Mo dúró lórí fóònù, mo ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan abọ́. Ìgbà tó jẹun tán ni mo bi í tààrà bóyá ó ti ń ro àtikú. Ẹ̀rù máa ń ba àwa òbí àti olùkọ́ láti bèèrè, bíi pé àwa la máa fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà sọ pé bíbéèrè kì í fi í síbẹ̀, àti pé ó máa ń tu ẹni tó ti ń dá gbé e kiri lára. Ó dákẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn. Mo ní kó jí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, kó má ṣe dá wà lálẹ́ yẹn. Ó jí i. Mo bá ẹnikejì rẹ̀ ní yàrá náà sọ̀rọ̀. Mo tún tọrọ àyè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi láti pe ìyá rẹ̀, ó gbà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní gáréèjì Ìsánlú láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ bá lọ.

Ó ti lé ní oṣù márùn-ún báyìí. Ó ń rí dókítà, ó ń lo oògùn, àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí kò lè dìde. Ìyá rẹ̀ ní kó kúrò ní fẹ́lóṣípù yẹn, ó kọ̀. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn èèyàn òun wà. Mi ò bá a jiyàn. Nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní SS3, kí wọ́n tó lọ, mo sọ ìtàn Èlíjà fún wọn pẹ̀lú àkàrà rẹ̀, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó ń lọ, mo sì kọ nọ́ńbà mi sára bọ́ọ̀dù. Ó ní ibẹ̀ lòun ti dà á kọ.

Ó tún pè mí lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ọ̀sán ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun jáde lásìkò ẹ̀rí. Àyà mi já, mo rántí tèmi. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní òun sọ fún wọn pé òun ń ṣàìsàn, pé dókítà ń tọ́jú òun, pé òun ò tíì sàn, kí wọ́n máa rántí òun nínú àdúrà. Ó ní kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ orin tó yẹ kí wọ́n kọ. Òun kàn padà lọ jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọkùnrin tó máa ń lu ìlù fún wọn dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun náà kì í sùn.